Ọwọ́ yá, ahọ́n kò yá: báwo ni a ṣe ń fi ahọ́n gé ohùn kíákíá lórí tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì?

FèrèẸ̀gbá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ fèrè. Inú báńdì ìjọ wa ní Abẹ́òkúta ni mo ti ń fọn tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì, apá kìíní ni wọ́n sì gbé lé mi lọ́wọ́ láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n tó ń fọn ọ́n tẹ́lẹ̀ ti kó lọ sí Èkó. Fún ìkórè ọdún yìí, báńdìmásítà wa ti yan ìparí orin ìṣíde tí Rossini kọ fún eré William Tell ní ọdún 1829, ìyẹn ibi tí gbogbo báńdì ti máa ń sáré bí ẹṣin. Nǹkan bíi bíìtì 150 ní ìṣẹ́jú kan ni wọ́n fẹ́ kí a fọn ún.

Bí mẹ́tírónóòmù, ẹ̀rọ tó ń ka bíìtì, bá wà ní 110, kò sí ohun tó ń dà mí láàmú. Bó bá ti ń sún mọ́ 126, ahọ́n mi, tí mo fi ń pààlà sí ohùn kan àti èkejì, á bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, àwọn ohùn á máa lẹ̀ mọ́ ara wọn, ọ̀fun mi á fún, ìka mi á sì ti dé ibi tí ahọ́n kò tíì dé. Ẹnìkan nínú báńdì gbà mí níyànjú pé kí n máa fi “tù-kù” gé e dípò “tù-tù”, ṣùgbọ́n “kù” yẹn kì í dún dáadáa, afẹ́fẹ́ lásán ló ń gba ibẹ̀ jáde.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá ibì kan wà tí ahọ́n ènìyàn mọ tí kò lè kọjá, àbí ọ̀nà kan wà tí ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nídìí rẹ̀ gbà kọ́ ọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí i.

OnísáàsìÌbàdàn

Àbúrò, kí a tó dá ahọ́n lẹ́bi, ṣe nǹkan kan fún wa ná. Fọn ibi tó ń dà ọ́ láàmú yẹn láì fi ahọ́n gé ohùn kankan lẹ́yìn ti àkọ́kọ́: kí èémí kan ṣoṣo gbé gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ìka nìkan máa yí ohùn padà. Fi mẹ́tírónóòmù sí 140, kí o sì fi fóònù gbà á sílẹ̀. Bí ìka bá ń fo ohùn kan tàbí tó ń sáré ju bíìtì lọ, ìka ló jẹ̀bi. Lẹ́yìn náà, mú ohùn kan ṣoṣo, bíi sọ̀ tó wà láàárín, kí o máa fi ahọ́n gé e ní bíìtì kan náà láì yí ìka padà rárá. Bí ìyẹn náà bá dán mọ́rán, a jẹ́ pé àti ìka àti ahọ́n ló mọ iṣẹ́ tirẹ̀, wọn kò kàn tíì bára wọn mu ni. Bí kò bá dán, a ó mọ̀ pé ahọ́n tàbí èémí ni kí a máa wá ìdí ọ̀rọ̀ sí.

Má fo ìdánwò yìí o. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi pé ahọ́n àwọn lọ́ra, ìka wọn ló ń ṣáájú bíìtì. Ahọ́n wà níbi tó yẹ kó wà.

BàbáBáńdì

Ọmọ mi, o ṣeun tí o sọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe rí gan-an. Báńdì ọlọ́pàá ni mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, kọ̀nẹ́ẹ̀tì ni mo sì fọn jù níbẹ̀, nítorí náà mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ ti ń wá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn bóyá ahọ́n ní ibi tó mọ. Ó ní. Bí o bá ní kí àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá máa sọ “tá-tá-tá-tá” bó bá ti lè yára tó, nǹkan bíi mẹ́fà sí méje ni yóò sọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. “Ká-ká-ká-ká” a sì máa lọ́ra díẹ̀ jù ú lọ, nítorí ẹ̀yìn ahọ́n nípọn ju ṣóńṣó rẹ̀. Wàyí o, bí a bá ń fọn máàṣì ní bíìtì 120, tí ohùn mẹ́rin wà nínú bíìtì kọ̀ọ̀kan, ohùn mẹ́jọ nìyẹn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá di 132, ó ti ń lọ sí mẹ́sàn-án. Ní 150 tí báńdìmásítà yín fẹ́, mẹ́wàá gééré ni. O rí i báyìí pé ní 126 tí o ti ń kú sí yẹn, o ti kọjá ibi tí ahọ́n ẹni tí kò fọn fèrè rí lè dé. Ìdánrawò tó dára lè gbé ènìyàn dé 132, ó sì lè gbé àwọn mìíràn dé 140. Òkè ibẹ̀, ọ̀pọ̀ jù lọ àwa tí a ń fọn fèrè idẹ, “tù-kù” la fi ń dé e, kì í ṣe agbára. Bí ṣóńṣó ahọ́n bá gé ọ̀kan, tí ẹ̀yìn rẹ̀ gé èkejì, ìdajì iṣẹ́ ni ó kan apá kọ̀ọ̀kan.

Síbẹ̀, n kò gbà pé ahọ́n ló ń dá ọ dúró ní 126. Ọ̀rọ̀ kan tí o sọ kọjá lójú ẹsẹ̀ ni mo dì mú: o ní ọ̀fun rẹ á fún. Bí ọ̀fun bá ti fún, èémí ti ń dúró láàárín ohùn kan sí èkejì nìyẹn, o sì ń tún un bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun fún ohùn kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tó lè bẹ̀rẹ̀ èémí nígbà mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Èémí ló ń mú ètè gbọ̀n, ètè tó ń gbọ̀n ló ń mú ohùn wá. Ahọ́n kàn ń pààlà sí ohun tó ti wà níbẹ̀ ni. Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni mo sọ, bẹ̀rẹ̀ ohùn pẹ̀lú “hù” láì lo ahọ́n rárá, lórí ohùn kan náà, ní ohùn jẹ́jẹ́. Bí ohùn náà bá dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, èémí rẹ dára. Bí ó bá pẹ́ kí ó tó jáde, tàbí tí afẹ́fẹ́ ṣáájú rẹ̀, ahọ́n rẹ ti ń bá èémí ṣe iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Lọ dán àwọn méjèèjì wò, ti ẹ̀gbọ́n onísáàsì àti ti èmi, kí o padà wá sọ fún wa.

ỌmọÀyàn

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀wọ́, onílù ni mo jẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí Bàbá sọ yìí wọ̀ mí lára. Ẹni tó bá ń lu ìyáàlù dùndún mọ̀ pé ọwọ́ òsì ló wà lára ọsán tó ń fún ìlù lóhùn, ọwọ́ náà kì í sì í kúrò níbẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ìlù bá ń sọ̀rọ̀. Kọ̀ǹgọ́ tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún kàn máa ń bà lé awọ ni, á sì fò kúrò. Ẹni tó bá tẹ kọ̀ǹgọ́ mọ́ awọ ti pa ìlù náà, ẹni tó bá sì gbé kọ̀ǹgọ́ sókè jù kí ó tó lù ú kò lè lu ìlù kíákíá láéláé, bó ti wù kí apá rẹ̀ lágbára tó. Mo rò pé èémí yín ni ọwọ́ òsì yẹn, ahọ́n yín sì ni kọ̀ǹgọ́: ẹ̀mí iṣẹ́ náà wà lọ́dọ̀ èyí tí kò dúró.

Nǹkan mìíràn ni pé a kì í fi ọwọ́ lu ohun tí a kò tíì lè fi ẹnu sọ. Kí àbúrò wa gbé fèrè sílẹ̀, kí ó máa rìn nínú ilé, kí ó máa fi ẹnu sọ ìlù orin náà pẹ̀lú “tù” àti “kù” tí wọ́n ní kí ó lò, títí tí kò fi ní máa ronú nípa rẹ̀ mọ́. Ibi tí ẹnu rẹ̀ bá ti kọsẹ̀ láìsí fèrè, kò sí bí fèrè ṣe máa gbà á sílẹ̀ níbẹ̀.

FèrèẸ̀gbá

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti Bàbá. Mo ti dán méjèèjì wò. Nígbà tí n kò fi ahọ́n gé nǹkan kan, ìka mi bá bíìtì mu ní 140, àyàfi ibì kan tí ìka kẹta ti ń lọ́ra. Ṣùgbọ́n lórí sọ̀ nìkan, pẹ̀lú “tù-tù-tù-tù”, ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í yapa ní nǹkan bíi 128. Ti “hù” ló wá ya mí lẹ́nu. Ohùn máa ń pẹ́ kí ó tó jáde, mo sì gbọ́ nínú ohun tí mo gbà sílẹ̀ pé ọ̀fun mi ń dún díẹ̀ kí ohùn tó dé. N kò mọ̀ pé mo ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ni mo máa ṣe sí èyí?

BàbáBáńdì

Ó dára. Ìró tí o gbọ́ yẹn ni pé o ti mí sínú, o wá ti ilẹ̀kùn ọ̀fun kí o tó ṣí i padà. Bí èémí bá wọlé, kí ó máa bọ̀ padà lójú ẹsẹ̀, láì dúró rárá. Mí sínú ní bíìtì kan, fọn ní bíìtì tó tẹ̀ lé e. Má ṣe gbà kí àyè kankan wà láàárín wọn.

Ohun tí màá fẹ́ kí o máa ṣe láàárọ̀ nìyí. Fi “hù” fọn ohùn gígùn díẹ̀, láàárín fèrè, títí tí yóò fi máa dáhùn láìjanpata. Lẹ́yìn náà, bẹ̀rẹ̀ ohùn gígùn kan pẹ̀lú “hù”, kí o sì jẹ́ kí ahọ́n kọjá nínú èémí náà díẹ̀díẹ̀: “hù-tù-tù-tù”. Má jẹ́ kí ohùn rẹlẹ̀ sí i nígbà tí ahọ́n bá wọlé. Bí ó bá rẹlẹ̀, o ti dín èémí kù láì mọ̀. Ìrìn ahọ́n gbọ́dọ̀ kéré. Ibi tí èrìgì òkè ti bá ẹ̀yìn eyín pàdé ni kí ṣóńṣó rẹ̀ kàn, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń sọ “t” tiwa, kí ó sì padà sílẹ̀ sí ìwọ̀nba ibi tó kéré jù lọ. Ara ahọ́n kò ní láti yẹra. Ṣóńṣó nìkan ni.

Àwa ọmọ Yorùbá ní àǹfààní kan níbí o, tí a kì í kà sí. Ọ̀rọ̀ wa kì í parí sórí “t” tàbí “k”. Fáwẹ̀lì ló máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ àwọn òyìnbó gbọ́dọ̀ kọ́ tọkàntọkàn ni pé kí wọ́n má ṣe fi ahọ́n dé ìparí ohùn mọ́lẹ̀, nítorí nínú èdè wọn, ọ̀rọ̀ lè parí sórí “t”. Tìrẹ ti ṣí sílẹ̀ tẹ́lẹ̀: “tù” ni, kì í ṣe “tùt”. Má ṣe lọ kó àṣà yẹn látinú fídíò kan.

Nípa “kù” tí kò dún: ibi tí o ti ń sọ ọ́ ló jìnnà jù. Sọ “kọ́”, kí o tún sọ “kí”. Wàá rí i pé ní “kọ́”, ẹ̀yìn ahọ́n kan òkè ọ̀fun lọ́hùn-ún. Ní “kí”, ó ti sún síwájú sí abẹ́ àjà ẹnu. Ibi ti “kí” yẹn ni kí o máa gbé “k” rẹ sí, kódà nígbà tí ẹnu rẹ ń sọ “kù”. Bí ó ti súnmọ́ iwájú tó bẹ́ẹ̀ ni ìrìn-àjò rẹ̀ ń kúrú. Fún ohùn tó ga, sọ ọ́ di “tì-kì”. Fún ìsàlẹ̀, “tù-kù”.

Kí o tó so wọ́n pọ̀, fi “k” nìkan fọn. Mú ìlà kan láti inú ìwé máàṣì yín, tí o ti mọ̀ dunjú, kí o fọn ún pẹ̀lú “tù” láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí o tún fọn ún pẹ̀lú “kù” nìkan, láì jẹ́ kí ẹni tó wà ní yàrá kejì mọ ìyàtọ̀. Ní nǹkan bíi 72 ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí “kù” nìkan bá ti ń dún bíi “tù”, “tù-kù” yóò tò láìsí ariwo.

Tùrọ́ńbóònùÒṣogbo

Ẹ má bínú, Bàbá, mo gba ti “k”, ṣùgbọ́n èrò mi yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń sáré lọ bá 150. Ohun tí wọ́n fi kọ́ mi ni pé kí n má fọwọ́ kan ohun tó yá títí tí èyí tó lọ́ra yóò fi mọ́ tónítóní, kí n máa fi mẹ́rin-mẹ́rin kún mẹ́tírónóòmù, kí n má sì yára gòkè. Bí àbúrò wa bá sáré sí 150 kí ahọ́n rẹ̀ tó mọ ibi tó ń lọ, ìwà búburú ni yóò kọ́, ìwà búburú sì ṣòro láti yọ kúrò. Lórí tùrọ́ńbóònù wa, kì í tilẹ̀ ṣe yíyára nìkan ni ìṣòro; a gbọ́dọ̀ fi “dù” tàbí “lù” gé ohùn tó so mọ́ ara wọn kí sìláìdì, ọ̀pá tí a ń fà síwájú sẹ́yìn, má baà fà á gùn. A kò lè kọ́ ìyẹn ní eré.

BàbáBáńdì

Ọmọ mi, ìwọ náà ní ìdí ọ̀rọ̀ lọ́wọ́, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni pa ìdánrawò tó lọ́ra tì. Ohun tí mo fẹ́ kí o kíyè sí ni pé ní bíìtì 80, ahọ́n ní àyè láti rìn jìnnà, láti wúwo, láti sinmi láàárín ohùn kan sí èkejì, kí a má sì mọ̀ pé ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìrìn tó bá ènìyàn lára mu ní 80 kì í ṣe ìrìn kan náà ní 150. Tí ènìyàn bá ń fi mẹ́rin-mẹ́rin kún un, ìrìn tó wúwo yẹn ló ń gbé lọ sókè, títí tí yóò fi dé ibi tí kò lè gbé e mọ́, tí ọ̀fun yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún. Ibẹ̀ gan-an ni ọmọ Ẹ̀gbá wà báyìí.

Nítorí náà, mo máa ń ní kí wọ́n ṣe é ní ìwọ̀nba kékeré, ní eré gidi. Fi mẹ́tírónóòmù sí ibi tó yá, kí o fọn ohùn mẹ́rin kíákíá, kí ìkarùn-ún bọ́ sórí bíìtì tó tẹ̀ lé e, kí o sì dúró síbẹ̀, kí o mí. Márùn-ún péré. Ìgbà tí márùn-ún bá dùn bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, sọ ọ́ di mẹ́sàn-án, lẹ́yìn náà mẹ́tàlá. Kò sí ẹni tí ahọ́n rẹ̀ máa rẹ̀ lórí ohùn márùn-ún, ọ̀fun kò sì ní ní àyè láti fún. Ìdánrawò tó lọ́ra wá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fún bí ohùn ṣe ń dún àti fún “k”. Ọ̀kan kò lè ṣe iṣẹ́ èkejì.

Ohun kan tún kù tí àwọn ènìyàn kì í sọ. Àyè kan wà láàárín ibi tí “tù-tù” ti ń rẹ̀ ọ́ àti ibi tí “tù-kù” ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, àyè náà sì ni báńdìmásítà máa ń yàn ní ọjọ́ eré. Fi “tù-kù” fọn ohun tó lọ́ra, ní 90 pàápàá, kí o sì máa ti “tù-tù” sókè, kí àwọn méjèèjì lè kọjá lára wọn. Ẹni tí “tù-kù” rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ àyàfi ní 140 yóò wà nínú ìṣòro bí orin bá rọra falẹ̀ dé 128.

ÀǹtíKìlárínẹ́ẹ̀tì

Ẹ kú ọ̀rọ̀ àgbà, Bàbá. Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti ń kọ̀wé, kìlárínẹ́ẹ̀tì ni mo sì ń fọn, mo fẹ́ kí àwọn oníríìdì tó ń ka èyí mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti yàtọ̀. Lórí fèrè idẹ, èrìgì ni ahọ́n ń kàn. Tiwa, ríìdì fúnra rẹ̀ ni, ìyẹn esùsú pẹlẹbẹ tó ń gbọ̀n lẹ́nu fèrè. Ṣóńṣó ahọ́n, tàbí ibì kan tó wà lẹ́yìn ṣóńṣó díẹ̀, ni kí ó kan ṣóńṣó ríìdì, ní kíkàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Nígbà tí ahọ́n bá wà lórí ríìdì, ríìdì kò lè gbọ̀n, ohùn á sì dákẹ́, ṣùgbọ́n èémí gbọ́dọ̀ ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń dúró. Bí a bá mú ahọ́n kúrò, ohùn á jáde fúnra rẹ̀. A kì í lu ríìdì kó tó dún.

Ẹ dúró síwájú dígí. Bí àgbọ̀n yín bá ń mì pẹ̀lú ohùn kọ̀ọ̀kan, ahọ́n ti ń gbé àgbọ̀n lọ́wọ́, àgbọ̀n kò sì lè yá bí ahọ́n láéláé. Ẹ wo ríìdì náà pẹ̀lú: ríìdì tó le jù ń béèrè èémí tó pọ̀ àti ètè tó fún, ahọ́n á sì lọ́ra nítorí pé ohùn kò fẹ́ dáhùn. Mo ti rí ẹni tó fi ríìdì 3½ (bí nọ́ńbà bá ti ga tó ni ríìdì le tó) ṣe ìyà fún ara rẹ̀, nígbà tí 2½ ì bá tán ìṣòro náà ní ìrọ̀lẹ́ kan.

Nípa ìka àti ahọ́n tí kò bára wọn mu, èyí ni mo fẹ́ràn jù: ẹ fọn ohùn kan ní kúkurú, kí ahọ́n padà sórí ríìdì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ìka sì lọ sí ohùn tó kàn nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, kí ó ti dé ibẹ̀ kí ahọ́n tó tú ríìdì sílẹ̀. Èémí kò dúró. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó máa ń lọ́ra gan-an, ó sì máa ń dà bí ohun tí kò ní ìtumọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ń kọ́ ìka ni pé kí ó máa ṣáájú ahọ́n nígbà gbogbo, ìyẹn ni ohun tí ọ̀pọ̀ ń wá.

“Tù-kù” ṣeé ṣe lórí kìlárínẹ́ẹ̀tì àti sáàsì, ṣùgbọ́n kò rọrùn bíi ti idẹ, nítorí máúpíìsì wà nínú ẹnu, “k” sì ń yí àyè inú ẹnu padà, ohùn òkè á sì máa rẹlẹ̀ tàbí kó ké. Àwọn tó ń fọn bàsúùnù ń lò ó púpọ̀ jù wá lọ. Èmi fúnra mi, títí dé 132, “tù-tù” nìkan ni mo ń lò.

OlùkọFúlúùtù

Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un, nítorí pé àwa onífúlúùtù kò ní ríìdì, a kò sì ní máúpíìsì tó wọ ẹnu, “tù-kù” ti wọ̀ wá lára tipẹ́tipẹ́. Kò sì jẹ́ tuntun. Ganassi, ẹni tó tẹ ìwé ẹ̀kọ́ fèrè jáde ní Venice ní ọdún 1535, ti kọ oríṣiríṣi ìró ahọ́n méjì-méjì sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, bíi “tè-kè”, “tè-rè” àti “lè-rè”. Quantz, tó kọ ìwé tirẹ̀ ní Jámánì ní ọdún 1752, so “d” àti “l” pọ̀ fún ohun tó yára. Lórí kọ̀nẹ́ẹ̀tì, Arban, ará Faransé, tó kọ́ni ní Conservatoire, ilé-ẹ̀kọ́ orin ti Paris, ló fi “tu-ku” àti “tu-tu-ku” lélẹ̀ fún gbogbo ayé nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1864.

Ìdí tí mo fi mẹ́nu kan “r” ni pé “r” tiwa, tí ahọ́n kàn ń fò kan èrìgì lẹ́ẹ̀kan, wúlò púpọ̀ fún ohun tó yá tí kò gbọdọ̀ le. Bí “tì-kì” bá le jù fún orin kan, ẹ gbìyànjú “dì-gì” tàbí “dì-rì”. Àwọn tó ń fọn orin háílàìfù lè rí i pé “dù” pẹ̀lẹ́ ló máa ń gbé orin náà ju “tù” tó mú lọ.

FèrèẸ̀gbá

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, n kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀ tó báyìí. Bàbá, “hù” ti ń dáhùn dáadáa báyìí, ọ̀fun kò sì dún mọ́, “k” mi sì ti sún síwájú. Ohùn márùn-ún tí ẹ ní kí n máa fọn ti yá dé 144. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé e lọ sínú orin gidi, ó tún yapa, pàápàá ní ìsàlẹ̀ fèrè, bẹ́ẹ̀ ni a ó máa rìn wọlé bí a ṣe ń fọn ún. Báwo ni mo ṣe máa to “tù-kù” sí orin náà gan-an?

BàbáBáńdì

Wo orin náà dáadáa, wàá rí i pé kò béèrè ohun tí o ń bẹ̀rù lọ́wọ́ rẹ. Ohùn mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni àwọn kúkurú rẹ̀ ń lọ, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n méjì-méjì péré ni wọ́n ń wá, tí ọ̀kan tó gùn á sì tẹ̀ lé wọn. Sọ ọ́ báyìí: “tù-kù-TÙ, tù-kù-TÙ, tù-kù-TÙ-TÙ-TÙ”. Àwọn méjì kúkurú kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń lọ sọ́dọ̀ èyí tó gùn ni. Bí o bá fi agbára lé “tù” kékeré àkọ́kọ́, orin náà á kọsẹ̀, ìwọ náà á sì rò pé ahọ́n rẹ lọ́ra.

Kọ́kọ́ fọn àwọn TÙ ńlá nìkan pẹ̀lú mẹ́tírónóòmù, kí o fi àwọn kékeré sílẹ̀ pátápátá. Ìgbà tí wọ́n bá jókòó sórí bíìtì láìyẹsẹ̀ ni kí o wá fi àwọn kékeré há àárín wọn. Ohun tí ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn méjì kúkurú á fẹ̀ jù, gbogbo rẹ̀ á sì di mẹ́ta tó dọ́gba. Gbà á sílẹ̀ sórí fóònù, kí o gbọ́ ọ ní ìdajì eré. Etí rẹ kò ní tàn ọ́ níbẹ̀. Ní ibi tí ìka kẹta ti ń lọ́ra yẹn, lo ohun tí Àǹtí wa ní Lọ́ńdọ̀nù sọ, kí ìka ti tẹ fáàfù dé ìsàlẹ̀ kí ahọ́n tó tú èémí sílẹ̀.

Nípa ìsàlẹ̀ fèrè: ètè ń gbọ̀n lọ́ra níbẹ̀, ohùn sì ń pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dáhùn. Má ṣe fi ahọ́n tó le wá a. Fẹ èémí tó gbòòrò tó sì lọ́yàyà, jẹ́ kí ahọ́n dùbúlẹ̀ sí i, kí o lo “dù-gù” dípò “tù-kù”, kí o sì jẹ́ kí ohùn kọ̀ọ̀kan gùn ju bí o ṣe fẹ́ kí ó dún lọ.

Ti rírìn, fọn ún ní ìjókòó títí tí yóò fi dán, kí o tún dúró fọn ún, kí o wá máa fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ níbi tí o dúró sí kí o tó rìn. Bí ẹsẹ̀ bá balẹ̀ wúwo, máúpíìsì á máa gbún ètè, èémí á sì máa gé. Jẹ́ kí gìgísẹ̀ kọ́kọ́ kanlẹ̀, kí àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ lé e, kí orúnkún má ṣe le. Kí o sì bá báńdìmásítà yín sọ̀rọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé ní àkọ́kọ́ ìdánrawò, kí ẹ fọn ún ní 132. Àwọn tó ń lu ìlù pàápàá yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ.

OnísáàsìÌbàdàn

Kí n fi kan ṣoṣo kún ti Bàbá, àbúrò: bí ọ̀fun bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún nígbà ìdánrawò, gbé fèrè sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, mu omi, fi ẹnu sọ ọ́ bí ỌmọÀyàn ṣe wí, kí o tó padà sídìí rẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ láàárọ̀ àti ìwọ̀nba díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ṣe é ju wákàtí gígùn kan lọ.